Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Rẹ̀ Ṣe É

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa ní Sábọ́n Gàrí, Kánò. Ìpàdé ni ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí fún àwọn tí kò lè wá.)

  

Nígbà tí Alága kéde pé àwa akọ̀wé ni a ó sọ̀rọ̀ lónìí, a rí i pé ojú àwọn kan yí padà. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni. Rárá o. Àwọn tí wọ́n jẹ owó oṣù mọ ara wọn, ìwé wa náà sì mọ̀ wọ́n, a ó pàdé lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni a gbé wá, àti ọ̀rọ̀ eré àwọn ọmọ wa. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ, nítorí a kò lọ ju ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, a kì í sì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí a fi ojú wa rí, tí a béèrè, tí a sì kọ sínú ìwé, ni a ó sọ.

A ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí gbogbo wa jọ ṣe.

Ẹ ó rántí bàbá wa tí ń ta abọ́ tánganran àti ìkòkò nínú ọjà. Ẹni tí kò bá rántí ojú wọn yóò rántí ohùn wọn, nítorí pé bí àríyànjiyàn bá ti gbóná nínú ilé ìpàdé yìí, àwọn ni wọ́n máa ń wú ikọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí gbogbo wa yóò sì dákẹ́. Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, wọ́n ń ka owó, owó sì ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe ọmọ iṣẹ́, ẹnu ti wọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé mọ́. Ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, gba ẹ̀mí wọn là, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n ní kí a máa gbé bàbá lọ sílé, kí wọ́n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sì máa sinmi. Wọn kò sọ ohun mìíràn fún wa.

Àwa sì rí i dájú pé bàbá sinmi. Ìyàwó wọn ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ọmọ iṣẹ́ méjì ń wẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Bí bàbá bá na ọwọ́ òsì, èyí tí kò ṣe nǹkan kan, sí ife omi, ọwọ́ mẹ́ta ti dé ibẹ̀ ṣáájú tiwọn. Ẹgbẹ́ yan àwọn tí yóò máa dúró ti ìsọ̀ wọn ní ọjà, kí wọ́n má baà ronú. A rò pé ìfẹ́ ni, ìfẹ́ náà sì ni lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, bàbá kò na ọwọ́ sí nǹkan kan mọ́. A pe ìpàdé, a fọwọ́ sí i pé kí a gbé wọn relé. A háyà ọkọ̀, a fi owó lé ìyàwó wọn lọ́wọ́. Àwa náà ni a fi kálàmù ara wa kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ẹgbẹ́ ti ṣe ojúṣe rẹ̀.

Nígbà tí a relé lọ́dún tó kọjá, a yà kí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún ti ká wọnú bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Wọ́n mọ̀ wá, wọ́n sì sunkún, àwa náà sunkún. Ọmọ wọn obìnrin ń fi ẹ̀kọ bọ́ wọn, ó sì ń nù wọ́n lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Bàbá tí ń fi ikọ́ kan dá ìjà dúró ni èyí o.

Ọ̀rọ̀ náà kì bá ti yé wa bí kò bá sí ti ìyá wa aláṣọ. Irú àìsàn kan náà ló dé sí wọn, ọwọ́ ọ̀tún kan náà, ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ti bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn obìnrin, tí í ṣe olùkọ́, kò gbà pé ìsinmi ni gbogbo rẹ̀. Ó béèrè títí ó fi rí ilé ìwòsàn kan ní ìlú yìí tí wọ́n ti ní kí ìyá máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwa ni a bá wọn wá ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ohun tí a rí ni à ń sọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Hausa kan ni ó gbà wá. A rò pé ọwọ́ tó kú náà ni yóò kọ́kọ́ mú. Kò mú un. Ó jókòó síwájú ìyá, ó ní, “Màmá, láti ìgbà tí ẹ bá ti jí títí ẹ ó fi sùn, kí ni ẹ máa ń ṣe?” Ọmọ ìyá ya ẹnu láti dáhùn, ó sì gbé ọwọ́ sókè pé kí ó jọ̀wọ́ dákẹ́, kí ìyá sọ ọ́ fúnra wọn bó ti wù kí ó pẹ́ tó. Èdè Hausa tí ìyá wa fi ń tajà láti ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tó wúwo. Wọ́n ní àwọn máa ń jí, àwọn á gbàdúrà, àwọn á wẹ̀, àwọn á ró aṣọ, àwọn á lọ sí ọjà láti wọn aṣọ fún oníbàárà. Ó tún béèrè pé, “Nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló dùn yín jù lọ pé ẹ kò lè ṣe?”

Gbogbo wa tí a dúró níbẹ̀ rò pé ọjà ni wọ́n máa dárúkọ. Ìyá ní, “Ìró.” Wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn ni ó ń bá àwọn ró o, ó sì máa ń tú níwájú àlejò.

Ibi ìró ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí a rán ohun tí ń lẹ̀ mọ́ra, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé, mọ́ etí ìró méjì. Ó kọ́ ìyá bí wọ́n ó ti jókòó lórí àga, tí wọ́n ó fi ọwọ́ òsì fa ìró yíká, tí wọ́n ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ti bùbá, ó ní apá tó rọ ni kí ó kọ́kọ́ wọ inú ọwọ́ aṣọ, òun náà ni kí ó jáde gbẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ ọ. Ẹ gbìyànjú òdìkejì rẹ̀ nílé, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ó kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe fa ìyá dìde ní apá tó rọ náà láé, nítorí pé èjìká tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀ lè yẹ̀ kúrò ní ipò. Àwa sì ń rántí bí a ti máa ń fa bàbá alábọ́ dìde.

Ó fi fóòmù sílípáàsì àtijọ́ wé ọwọ́ ṣíbí kí ó lè nípọn, kí ìka tí kò lágbára lè dì í mú. Ó fi aṣọ tútù sí abẹ́ abọ́ kí abọ́ má baà máa sá. Kò sí èyí tí wọ́n rà láti òkè òkun nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ọjà. Káfíntà kan ọ̀pá ìwọ̀n mọ́ etí tábìlì nínú ìsọ̀, ìyá á fi irin wúwo tẹ orí aṣọ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì fi ọwọ́ òsì fà á gba ara ọ̀pá náà. Ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe, ó ń di aṣọ mú kí ó má yọ̀. Ẹsẹ̀ ṣì ń wọ́ díẹ̀. Ẹnu ṣì ń wúwo nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni ìyá wà ní ìsọ̀ wọn fún wákàtí mẹ́ta, àwọn tó sì ti gbìyànjú láti san owó tó dín fún wọn mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe orí wọn.

Orúkọ tí Òyìnbó ń pe iṣẹ́ yìí ni occupational therapy. Ó gùn lẹ́nu, àwọn nọ́ọ̀sì sì gé e kúrú sí O.T. A wá orúkọ fún un ní èdè wa, a kò rí i, nítorí náà nínú ọ̀rọ̀ yìí a ó máa pe àwọn tí ń ṣe é ní afiṣẹ́wòsàn. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá, a ó dúpẹ́. Wọn kì í ṣe fisió. Fisió ń wá bí ẹsẹ̀ yóò ti lágbára, bí apá yóò ti gbé sókè. Afiṣẹ́wòsàn ń béèrè pé kí ni o fẹ́ fi apá náà ṣe. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń wí kì í sì í ṣe iṣẹ́ owó nìkan. Ohunkóhun tí ènìyàn fi ń lo ọjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ni lójú wọn: kí a jẹun, kí a wẹ̀, kí a ṣe àlùwàlá, kí a kúnlẹ̀ gbàdúrà, kí a se ọbẹ̀, kí a jókòó ta ayò lábẹ́ igi. Ti ọmọdé, eré ni. A ó padà sí ibẹ̀.

Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1917, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Clifton Springs ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Barton pe ìpàdé sí ilé rẹ̀. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni ó kọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá a jà fún ọdún púpọ̀, apá òsì ara rẹ̀ sì ti rọ. Iṣẹ́ ọgbà àti iṣẹ́ káfíntà ni ó fi gbé ara rẹ̀ dìde. Àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn afiṣẹ́wòsàn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju mẹ́fà lọ, akọ̀wé wọn sì ni Isabel Newton. (Àwa akọ̀wé kì í fojú fo irú èyí.) Ogun Àgbáyé Kìíní ló sọ iṣẹ́ náà di ńlá, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ń ti ojú ìjà bọ̀ láìní apá, láìní ẹsẹ̀, tàbí pẹ̀lú ọkàn tó ti dàrú, ó sì di dandan kí wọ́n tún kọ́ bí a ti ń gbé ayé. Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin oníṣègùn kan, Elizabeth Casson, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un ní Bristol ní ọdún 1930. Ní 1952, àwọn ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá para pọ̀ di ẹgbẹ́ àgbáyé kan.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni, ẹ bi í bóyá ó gbọ́ nípa Aró. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú níbẹ̀ lọ́nà tí ayé gbọ́. Kò tì wọ́n mọ́lé. Ó ní kí ẹbí wọn bá wọn wá, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko, wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń jẹ ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ. Ọgbọ́n ilé wa ni.

Ní orílẹ̀-èdè wa, láti ọdún 1988 ni òfin ti wà tó ń ṣe àkóso àwọn afiṣẹ́wòsàn àti àwọn fisió. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Oshodi ní Èkó, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Ifásitì Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ rárá, ti òkè Ọya níhìn-ín sì ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ohun tí à ń béèrè. Bí ẹ kò bá béèrè ní ilé ìwòsàn, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, èyí tó wọ̀ wá lára jù, nítorí pé inú ọgbà ilé tiwa ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin bí ọmọkùnrin kan, ojú ọmọ náà sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọ̀sẹ̀ kò tí ì pé. A ní kí wọ́n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ibà pípọ́n náà ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ níbì kan. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, káńfọ̀ funfun tí à ń jù sínú aṣọ nínú àpótí, ẹ má ṣe fi í sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan wà tí kò lè gbà á, ó sì ń mú kí ara wọn pọ́n gidigidi. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe oòrùn.) Ọmọ náà pé ọdún kan, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ó pé ọdún mẹ́ta, ó ń sùn gbalaja lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ dì pọ̀ bí ẹni tó mú nǹkan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ìdùbúlẹ̀ ni a ti ń rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu, ó ń há a, àyà rẹ̀ kì í sì í yé dùn ún. Bí àlejò bá dé, a ó gbé e wọ yàrá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá sí ilé wa láti ọdún yìí wá, ẹ̀yin mélòó ni ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣe àjọyọ̀ àwọn ọmọdé nínú ilé yìí, tí a pín bisikíìtì, àwa gan-an ni a kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé wa. A kò kọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí a rí ti ìyá aláṣọ, a ní kí ẹ̀gbọ́n wa gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Obìnrin ni afiṣẹ́wòsàn tó gbà wọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ jẹun ní ìdùbúlẹ̀ mọ́, pé oúnjẹ ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, òun ló ń fa àìsàn àyà. Ó ya àwòrán àga kan fún káfíntà: pákó méjì tó pàdé bí igun yàrá, kí ẹ̀yìn àti èjìká ọmọ lè rí ibi tì sí, àmùrè aṣọ kan níbi ìbàdí, àti pákó pẹrẹsẹ kékeré níwájú bíi tábìlì. Lọ́jọ́ tí a gbé e jókòó sínú rẹ̀, ó wo gbogbo àgbàlá yíká. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi ń wo òkè àjà, àwa kò sì rò ó rí.

Ó tún béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa pé kí ni ń mú ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wa ronú, ó ní nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá ń ṣe bojúbojú ni, ó máa ń gbọ́ ariwo wọn láti inú yàrá. Obìnrin náà ní ó dára, oògùn rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí a fi okùn so agolo mílíìkì tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí níwájú rẹ̀, kí àwọn ọmọ máa ṣeré yí i ká, kí ó máa lu agolo nígbà tí wọ́n bá sá pamọ́ tán. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń ju ọwọ́, kò bà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó bà á, àwọn ọmọ sì sá jáde pẹ̀lú ariwo. Láti ọjọ́ náà kò sí bojúbojú ní ilé wa láìsí i.

Lẹ́yìn èyí ni ó mú ayò wá. Gbogbo yín mọ ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yìí kò lè ta ayò. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kí ó mú ọmọ ayò kan, kí ó sì sọ ọ́ sínú ihò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ́n àti ọmọ ayò ni ó ń gbá dànù. Nísinsìnyí tó ti pé ọdún márùn-ún, ó lè to ihò mẹ́rin ní mẹ́rin mẹ́rin kí ó tó rẹ̀ ẹ́, òun sì ni àwọn ọmọ ilé yàn láti máa to ayò fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dúró dè é. Ó pẹ́, wọ́n sì ń dúró. Ọwọ́ tó fi ń mú ọmọ ayò yìí ni ó fi ń mú ẹ̀wà díndín sí ẹnu báyìí. (Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń kó gbogbo nǹkan sẹ́nu, kí ó má ṣe fún un ní ọmọ ayò o, yóò gbé e mì.)

A kò sọ pé ara rẹ̀ ti dá. Obìnrin náà sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ibi tó bàjẹ́ nínú ọpọlọ kò ní padà bọ̀ sípò. Kò rìn, kò tíì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun ní ìjókòó, àyà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún mọ́, ó sì ní iṣẹ́ nínú ilé.

Nígbà tí a ti rí èyí, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré àwọn ọmọ yòókù pẹ̀lú ojú mìíràn. Ọmọ tí ń yí òkòtó, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ ni ó ń kọ́, àwọn ìka kan náà tí yóò fi di pẹ́ńsù mú. Àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣe tẹn-tẹn, ẹsẹ̀ wọn ń kọ́ bí ojú ti ń rán an níṣẹ́ kíákíá. Súwẹ̀ ń kọ́ ọmọ láti dúró lórí ẹsẹ̀ kan kí ó má ṣubú. Àwọn tí ń fi iyanrìn se oúnjẹ lẹ́yìn ilé, tí à ń lé nítorí pé wọ́n ń ba aṣọ jẹ́, wọ́n ń kọ́ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e: iná kí ó tó kan omi, omi kí ó tó kan èlùbọ́. Fóònù tí à ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́ nínú ìsọ̀ ń mú un dákẹ́ lóòótọ́. Kò kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ohun púpọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 pàápàá sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni kí ó sinmi kí ó sì ṣeré, bẹ́ẹ̀ sì ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti sọ ṣáájú rẹ̀ ní 1989. Àwa tí à ń rán ọmọ ọdún mẹ́fà kiri ọjà pẹ̀lú àwo lórí láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí a bi ara wa.

Ọmọ tí kò bá lè dá jókòó nígbà tó bá pé oṣù 9, tàbí tí kò bá dá rìn nígbà tó bá pé oṣù 18, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn ọmọ aládùúgbò tó rìn lọ́dún mẹ́ta dá yín dúró. Bí ọmọ bá kéré ni ọwọ́ rẹ̀ rọrùn láti kọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn yòókù kò ní pẹ́. Ẹni tí iná gáàsì tàbí kẹrosíìnì jó lọ́wọ́, bí ojú ọgbẹ́ ti ń jinná ni awọ ń fa ìka wọnú. Afiṣẹ́wòsàn a máa ṣe ohun tí yóò na ìka náà kí ó tó lẹ̀ pọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí egbò bá san tán. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti gba ìmọ̀lára ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ̀ pé ìkòkò gbóná, wọ́n a fi igi gígùn ṣe ọwọ́ ìkòkò fún un. Àwọn àgbà wa tí ẹsẹ̀ wọn kò dúró mọ́, àga kan nínú balùwẹ̀, irin kan lára ògiri tí wọ́n lè dì mú, iná tó mọ́lẹ̀ lọ́nà ilé ìyàgbẹ́ lóru, àti kí a ká ẹní tí etí rẹ̀ ti ká sókè kúrò lójú ọ̀nà, lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìṣubú tí í fọ́ egungun ìbàdí.

Nísinsìnyí, ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé ṣe.

A máa ń wí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ tiwa bá ti pọ̀ jù lórí ẹnì kan, tirẹ̀ kì í ríbi bọ́ sí mọ́. Òfin ẹgbẹ́ wa sọ pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò lè ṣiṣẹ́, kí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e relé. Àwọn tó ṣáájú wa ló ṣe òfin náà, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú inú rere. Nígbà ayé wọn, ilé ni ìtọ́jú wà. A ń bẹ̀bẹ̀ kí a tún un kọ, pé owó yẹn kan náà, bí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ bá fẹ́, lè jẹ́ owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tàbí owó káfíntà. Relé kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ relé, kí ó relé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di ẹrù ẹnikẹ́ni fún un kí a tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A wo ìwé ìpàdé tí a fi rán bàbá alábọ́ lọ sílé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tí a ti kọ pé a bi bàbá.

A ti ń bá ọmọ wọn obìnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A sọ fún un nípa aṣọ tútù lábẹ́ abọ́ àti ṣíbí tó nípọn, pé kí ó jẹ́ kí ọwọ́ òsì bàbá ṣe é, kí ó má kánjú. A sì ní kí ó béèrè afiṣẹ́wòsàn ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wọn. Ó ti pẹ́ kí a tó sọ ọ́, a mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní bàbá gbé ife omi fúnra wọn, ó dà sí wọn láyà, wọ́n sì bínú sí òun nígbà tí òun fẹ́ nù ún.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé yìí. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn aláàbọ̀ ara fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ wọn lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ìyá aláṣọ wà níwájú ilé báyìí, lórí àga tí a gbé fún wọn lábẹ́ igi, wọ́n ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé, nítorí pé wọ́n kọ̀ kí ọ̀dọ́ méjì gbé wọn wọlé bí àpò sìmẹ́ńtì. A ti ní kí bíríkìlà kan wá wo ibẹ̀. Ó ní sìmẹ́ńtì àpò mẹ́rin àti iyanrìn yóò tó, òun kò sì ní gba owó iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀, láti aago mẹ́rin, a fẹ́ kí àwọn ọmọ gbogbo ilé wá ṣeré nínú àgbàlá yìí, títí kan àwọn tí ẹ kì í mú jáde. A ó gbé ọpọ́n ayò mẹ́ta wá. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ṣì mọ bí a ti ń gbẹ́ òkòtó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá kọ́ wọn. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ wa lórí tábìlì yìí. Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni a kọ́kọ́ kọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ti yín, ẹ sì sọ fún wa bóyá ọmọ náà ń jókòó tàbí kò jókòó, kí káfíntà lè mọ iye àga tí yóò kàn.